Ẹnu Sí Etí: Ìtàn Wáyà Tó So Kọ̀ǹpútà Méjì Pọ̀

Ní Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀ bàbá kan ní Ìsẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú mi, wáyà kan ló so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni láptọ́ọ̀pù mi. Èkejì ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí bàbá náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, rà ní ọdún 2005, tó ṣì ń lo Windows XP. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn ọdẹ mẹ́rìnlá wà. Láti 2006 sí 2009 ni Bàbá fi ń gbé maikirofóònù kékeré kan kiri àgọ́ ọdẹ, tí wọ́n ń gba ìjálá sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn mẹ́rìnlá náà ló ṣì wà láyé. Wọ́n fi ìka kà á, wọ́n dúró lórí mẹ́ta.

Ohùn wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Àrá kan tó sán ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti ba gbogbo ihò USB ẹ̀rọ náà jẹ́, fíláàṣì kò wúlò fún un mọ́. Ibi tí wọ́n ń ki sídì bọ̀ kò ṣí. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú ẹ̀rọ náà, kí n yọ hard disk inú rẹ̀ lọ sí iléèwé. Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi, bí o bá tú u tí kò bá dìde mọ́ ńkọ́?" N ò rí èsì fọ̀. Ihò kan ṣoṣo tó kù ni ti nẹ́tíwọ̀kì lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan bọ̀ rí. Wàhálà mìíràn tún ni pé tí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ooru á mú un, á sì kú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ni mo wà, n kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo lọ ra wáyà ní Ìbàdàn, ọ̀gá tó ń tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. "Wáyà yìí ò lè ṣe é. Crossover lo máa lò, a ò sì tà á mọ́." Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde, tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Èkó. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣì ń sọ̀rọ̀ crossover láyé ìsinsìnyí? Wáyà yòówù kó jẹ́, á ṣiṣẹ́." Mo ra wáyà lásán, mo sì gbé àríyànjiyàn àwọn méjèèjì wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ìgbà tí kálukú wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí òbí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń lu ìdí agolo mílíìkì méjì, a ó fi òwú gígùn so wọ́n pọ̀, a ó sì máa pè é ní tẹlifóònù. Ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ju ọ̀kan lọ. Àwa méjèèjì á gbé agolo sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ sétí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Ní ọdún 1960, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní RS-232. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni láti so ẹ̀rọ tí ènìyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ sí mọ́ modem, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ gba orí wáyà tẹlifóònù lọ bá kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀rọ méjì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń sọ̀rọ̀ lórí fọ́nrán kejì, ó ń gbọ́ràn lórí ìkẹta. Modem ń gbọ́ràn lórí ìkejì, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìkẹta. Ẹnu kojú etí, etí kojú ẹnu. Wáyà tó lọ tààrà láìyí síbì kankan ló so wọ́n pọ̀, ayé sì dùn.

Ohun tí ìlànà náà kò rò tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà méjì tó kojú ara wọn. Nígbà tí ìyẹn dé, méjèèjì ló rò pé àwọn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí fọ́nrán kejì, méjèèjì ń dẹtí sórí ìkẹta, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gé wáyà, wọ́n so ìkejì ti apá kan mọ́ ìkẹta ti apá kejì, wọ́n sì pe wáyà náà ní null modem, àfi bíi pé modem kan wà láàárín tí kò sì sí níbẹ̀. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Traveling Software tà pẹ̀lú Laplink ní àwọn ọdún 1980, fún àwọn tó fẹ́ kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà àgbéká lọ sí èyí tó wà lórí tábìlì. Ní 1993, Microsoft fi ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, Interlnk, sínú MS-DOS 6. Nítorí náà, ẹrù tí mo gbé lọ sí Ìsẹ́yìn, àwọn ènìyàn ti gbé e rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ Bàbá kì í ṣe ti RS-232. Ti Ethernet ni, ibòmíràn ni ìyẹn sì ti wá. Ní University of Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ so kọ̀ǹpútà àwọn erékùṣù pọ̀ láìlo wáyà tẹlifóònù. Rédíò ni wọ́n lò, ALOHAnet tí wọ́n ṣe sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ kan náà. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ papọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á bàjẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ṣẹ́ kèké láti mọ iye àkókò tí yóò dúró kó tó tún un sọ. Torí kèké kálukú yàtọ̀, wọn ò ní tún kọlu ara wọn lọ títí.

Robert Metcalfe ka iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973, ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, ó kọ àkọsílẹ̀ kan tó fi ṣàlàyé bí irú ètò yẹn ṣe lè wà nínú wáyà dípò afẹ́fẹ́. Òun àti David Boggs ló jọ kọ́ ọ. Wáyà kan ṣoṣo ló gba iwájú gbogbo kọ̀ǹpútà Alto wọn kọjá, ó sì ń gbé bíìtì mílíọ̀nù 2.94 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí wáyà yẹn, kò sí fọ́nrán ẹnu, kò sí fọ́nrán etí. Gbàgede ọjà ni. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo náà ni gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ méjì tàbí ogún, ìlànà kan náà ni.

Wáyà ọjà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gbilẹ̀ ní àwọn ọ́fíìsì láàárín ọdún 1980 sí 1990, gbọ́dọ̀ ní ìdérí kékeré kan ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé ìró mì kó má baà padà sẹ́yìn bí ohùn inú kànga. Bí ẹnì kan bá yọ ìdérí kan nítorí pé ó fẹ́ sún tábìlì rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó bàjẹ́ á máa tẹ̀ lé wáyà náà láti yàrá dé yàrá.

Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gba 10BASE-T tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tó jáde ní 1990. Wáyà tó jọ ti tẹlifóònù ni, fọ́nrán mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, gbogbo wọn sì parí sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní hub. Bí wáyà ẹnì kan bá já, òun nìkan ló já fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀ lórí eyín 1 àti 2, ó ń gbọ́ràn lórí 3 àti 6. Hub ń ṣe òdìkejì. Ẹnu àti etí ti pínyà padà. Kọ̀ǹpútà sí hub, wáyà tó lọ tààrà. Kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, crossover. Agolo mílíìkì ti 1960 ló tún dé ní 1990.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé ni. Nísinsìnyí, n kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ilé-iṣẹ́ ńláńlá, hub sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó rọrùn fún wọn kí gbogbo wáyà tó wà nínú ògiri rí bákan náà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà méjì péré, tí kò ní hub, kì í ṣe oníbàárà tí ẹnikẹ́ni ń rò nípa rẹ̀. Àwa la san owó ìrọ̀rùn àwọn yẹn, a sì san án fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlànà 1990 yẹn fún wa ní ohun kan tó ṣe pàtàkì, ìyẹn iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á máa fi wáyà ta èkejì ní ìka, fẹ́ẹ́rẹ́, ní nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí etí bá gbọ́ ọ, iná á tàn. Bí iná kò bá tàn, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, kò sí ètò tí ẹ lè yí padà lójú kọ̀ǹpútà tó máa wúlò. Ẹ wo wáyà. Ẹ mú orí rẹ̀ méjèèjì sápá ara wọn, kí eyín wúrà wọn kọjú sí yín, kí ẹ sì ka àwọ̀ láti òsì. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, wáyà lásán ni. Bí ibi tí àwọ̀ ọsàn wà ní apá kan bá jẹ́ ibi tí àwọ̀ ewé wà ní èkejì, crossover ni.

Wáyà lásán ni èmi mú dání ní Ìsẹ́yìn. Mo ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ̀, mo ń retí òkùnkùn. Iná tàn ní apá méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ ni iṣẹ́ Daniel Dove àti Bruce Melvin ní ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard, tí wọ́n ṣe ohun tí à ń pè ní Auto-MDIX. Ẹ̀rọ tó bá ní in á gbé agolo sẹ́nu ná. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á pa ẹnu pọ̀ dà sí etí. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ní in ńkọ́? Bí wọ́n bá ń pa á dà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dà bí ènìyàn méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí wọ́n jọ ń yà sápá kan náà, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, tí kò sì sí ẹni tó kọjá. Ojútùú wọn ni kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ kèké kó tó pa á dà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo pariwo síta. Kèké Abramson láti erékùṣù Hawaii ni! Nígbà tí méjì bá dọ́gba, tí kò sí àgbà láàárín wọn tó máa pàṣẹ, kèké ló máa ń là wọ́n.

Láti ìgbà tí Ethernet gígábíìtì orí wáyà yìí jáde ní 1999 ni Auto-MDIX ti wọ́pọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi ní in, ti Bàbá kò ní in, ẹnì kan péré ló sì nílò láti ní in. Ọ̀gá tó ń ta wáyà ń sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ òtítọ́ nípa tèmi.

Iná tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n XP yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó sì gbé àmì ìkìlọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú sókè pé ìsopọ̀ òun kò pé. Àdírẹ́sì ló ń wá. Láti 1993 ni DHCP ti wà, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in, bíi ráútà ilé. Láàárín èmi àti Bàbá, kò sí ráútà. Láti Windows 98 ni ẹ̀rọ irú èyí ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá béèrè tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Wọ́n á ṣẹ́ kèké fún ara wọn nínú àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, kèké tún ni. Ó yẹ kí ìyẹn tó, àmọ́ mo fẹ́ mọ orúkọ tí mo máa fi pe kálukú. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́: 192.168.10.1 fún èmi, 192.168.10.2 fún Bàbá, 255.255.255.0 fún àwa méjèèjì. Mo fi àyè gateway sílẹ̀ lófìfo, torí a ò bá ibòmíràn lọ.

Mo wá ta ping. Mike Muuss ló kọ ètò kékeré yìí ní oṣù Kejìlá 1983, ní ilé ìwádìí ọmọ ogun orílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ní Maryland, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìró ẹ̀rọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ máa ránṣẹ́ kékeré, ẹ máa dúró de gbohùngbohùn. Tèmi kò padà wá. Mo gbìyànjú láti apá Bàbá, kò padà wá. Iná ń tàn, àdírẹ́sì tọ̀nà, kò sí ẹni tó dáhùn.

Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́. Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má dá àlejò lóhùn ni. Títí di 2003, Windows máa ń dá ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn lóhùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, kòkòrò Blaster gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ó sì tàn ká ayé. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Microsoft gbé Service Pack 2 jáde fún XP, firewall sì ti wà ní títàn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tèmi tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí pé kò rí gateway, kò mọ ibi tó wà, ó sì ka pálọ̀ Bàbá sí ìgboro. Mo pa Wi-Fi mi kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé láti ìta, lẹ́yìn náà ni mo pa firewall méjèèjì. Èsì mẹ́rin padà wá, ìkankan nínú wọn ò pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣé wọ́n ti ń kí ara wọn?"

"Wọ́n ti ń kí ara wọn, Bàbá."

Mo rò pé ó ti parí. Mo gbìyànjú láti ṣí àpò fáìlì XP láti orí láptọ́ọ̀pù mi, ó kọ̀. Èdè tí XP fi ń pín fáìlì, SMB1, ni WannaCry gbà wọ ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ káàkiri ní oṣù karùn-ún 2017. Láti ìparí ọdún yẹn, Windows 10 tuntun kì í gbé èdè náà wá mọ́. Mo lè dá a padà, àmọ́ ilẹ̀kùn tí olè ti mọ̀ ni, n ò fẹ́ ṣí i, kí n tún gbàgbé láti tì í. Ogún ìṣẹ́jú sì ti lọ lára ogójì tí ẹ̀rọ Bàbá ní.

Ohun tó gbà wá ni èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ní oṣù Kẹrin 1971, kí Metcalfe tó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, Abhay Bhushan ní MIT kọ ìlànà FTP fún kíkó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. XP ní ètò rẹ̀ nínú, èyí tí ènìyàn ń tẹ àṣẹ fún nínú fèrèsé dúdú. Láptọ́ọ̀pù mi ní ètò tó ń gbà á, ó ti wà níbẹ̀ láti iṣẹ́ kíláàsì kan ní ọdún kejì. Kí n tó rán nǹkan kan, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan: binary. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, FTP á rò pé ìwé kíkà lásán ni ẹ fẹ́ rán, torí ìwé ló pọ̀ jù nígbà ayé rẹ̀, ó sì lè máa tún ìparí ìlà ṣe fún yín. Nínú ohùn ọdẹ, ìtúnṣe yẹn á di ariwo.

Gbogbo ohùn náà tó gígábáìtì 19. Wáyà yẹn kò lè gbé ju mẹ́gábáìtì mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ààbọ̀ wákàtí kò sì sí lọ́wọ́ wa. Mo sọ fún Bàbá pé ẹ̀rọ lè kú kí ó tó parí. Ta ni kí a kọ́kọ́ kó?

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó kú ní 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn òkú tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì fi àwọn mẹ́ta tó wà láyé sẹ́yìn. "Ìyẹn, a ṣì lè lọ bá wọn nílé."

Ẹ̀rọ náà kú nígbà tí a dé orí ọdẹ kẹjọ. A fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ fún wákàtí kan, a tún un tàn, mo tún firewall rẹ̀ wò, ó ṣì wà ní pípa, a sì ń bá a lọ láti ibi tó já sí. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rìnlá ló pé. Mo ṣí ti àkọ́kọ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ikọ́ ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ajá kan gbó lọ́nà jíjìn, ọdẹ náà sì gbóhùn sókè. Bàbá mọ orúkọ ajá náà.

Mo tan firewall méjèèjì padà. Nígbà tí mo fẹ́ yọ wáyà, Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó ku àwòrán ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn.